Ẹja sunfish mi yé ẹyin, ẹyin pa, àmọ́ gbogbo ọmọ kú. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

OdòPatuxent, Maryland, 9 Èbìbí

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹja. Maryland ni mo wà, kò jìnnà sí odò Patuxent. Ní ìgbà ooru ọdún tó kọjá, mo fi àwọ̀n ọlọ́wọ́ kó bluespotted sunfish márùn-ún níbi tí omi ti ń rọra lọ, tí koríko bo etí rẹ̀. Ìwé àṣẹ ìpẹja wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti ka òfin ìpínlẹ̀ kí n tó ki àwọ̀n bọ omi, torí pé ìbátan ẹja yìí tó ní ìlà dúdú lára, blackbanded, wà lára àwọn tí òfin Maryland dáàbò bò.

Ẹni tí kò bá rí i rí, kó fojú inú wo ẹpìyà tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí ìrù rẹ̀ rí roboto bí abẹ̀bẹ̀, tí ara rẹ̀ dúdú bí aṣọ ẹtù, tí àmì wínníwínní tó ń dán bí ojú ọ̀run sì wà lára rẹ̀ láti orí dé ìdí ìrù. Akọ tó ti múra àtigùn nìyẹn. Ara abo rí bí ewé gbígbẹ, àmì tirẹ̀ kò pọ̀.

Táńkì gálọ́nù 20 ni mo kó wọn sí, ìyẹn bíi lítà 75. Ní 27 Igbe, akọ tó tóbi jù fi ìrù gbá yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, ó gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ bí ẹnu ife tíì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì mo rí ẹyin. Wọ́n kéré ju gaàrí tó kúnná lọ, wọ́n lẹ̀ mọ́ yanrìn àti gbòǹgbò koríko. Mo yáa kó gbogbo ẹja ńlá kúrò kí wọ́n má baà jẹ ẹyin. Ìdajì ẹyin náà hu, ó funfun bí òwú. Ìyókù pa lọ́jọ́ kẹta, ọmọ wọn dà bí ẹyọ irun ìpéǹpéjú tó ní ojú méjì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀, mo sì ń bu oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń tà fún ọmọ ẹja sí i fún wọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ẹyọ mẹ́ta péré ni mo rí. Lónìí, kò sí ìkankan.

Ó dùn mí gan-an. Ọmọ mi obìnrin máa ń jí kí aago mẹ́fà tó lù kó lè fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó là mí lọ́yẹ̀.


ÌyáOníTáńkì, Houston, 9 Èbìbí

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi náà ti sunkún irú rẹ̀ rí, ẹ má jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́ jù. Orangespotted, irú sunfish mìíràn, ni mo ń tọ́ níhìn-ín, Lepomis humilis, òun náà kì í tóbi púpọ̀.

Ẹ dá mi lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀. Báwo ni omi ṣe gbóná tó? Irú fítà wo, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ló wà nínú táńkì yẹn? Ìgbà mélòó lẹ ń pààrọ̀ omi? Ṣé ẹ ń fi oògùn pa kemíkà inú omi ẹ̀rọ kí ẹ tó dà á sí i?


OdòPatuxent, 9 Èbìbí

Ẹ ṣeun, mà. 23°C ni omi náà. Fítà tó ń gbé lẹ́yìn táńkì ni, àmọ́ mo fi kànìnkànìn dí ẹnu ibi tó ti ń fa omi. N kò pààrọ̀ omi rárá láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn, ẹ̀rù ń bà mí kí n má baà fa àwọn ọmọ jáde. Oògùn omi ẹ̀rọ wà. Lẹ́búlẹ́bú yẹn máa ń rì, ó sì ti jẹrà sísàlẹ̀, omi ń rùn díẹ̀.


AlárọÌjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú-Òde, 10 Èbìbí

Ẹ kú ojúmọ́. Èmi kò tọ́ sunfish rí, ẹja àrọ̀ ni iṣẹ́ mi, mo ti ń pa ẹyin rẹ̀ fún títà láti bí ọdún mọ́kànlá. Ohun tí mo gbọ́ yìí kò ṣàjèjì sí mi. Ebi ló pa ọmọ yín. Omi tó bàjẹ́ wá bá wọn níbi tí wọ́n ti rẹ̀.

Tí ọmọ àrọ̀ bá pa, àpò oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ dì fún un ṣì wà ní ikùn rẹ̀. Bí ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ọjọ́ tó bá tán yẹn gan-an ni oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀, oúnjẹ tó ń mira. Lẹ́búlẹ́bú kì í mira, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú kò mọ̀ pé oúnjẹ ni. Artemia, ẹ̀dá wínníwínní inú omi iyọ̀ tó fara jọ edé, ni gbogbo wa ń lò ní ilé ìpa-ẹyin níbí. Ẹ pa ẹyin artemia, ẹ fún wọn ní ọmọ rẹ̀ láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí i pé ikùn wọn yóò pọ́n bí epo.


ẸjaPinelands, New Jersey, 10 Èbìbí

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìjẹ̀bú ti fọwọ́ ba ibi tó ń dun ni: ebi ni. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n tún ibì kan ṣe nínú ọ̀rọ̀ wọn, torí pé ibẹ̀ gan-an ni èmi náà ti pàdánù ọmọ ọdún méjì tẹ̀lé ara wọn.

Artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tó ìdajì mìlímítà. Ọmọ àrọ̀ lẹ́nu tó lè gbé e mì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ bluespotted kò lẹ́nu yẹn. Gbogbo gígùn ara rẹ̀ nígbà tó bá pa kò ju mìlímítà méjì ààbọ̀ lọ. Tí ẹ bá da artemia sí i lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀, ẹ ó rí i tó ń lé e, tó ń fi imú kàn án, tó ń padà. Ebi yóò pa á láàárín oúnjẹ.

Ohun tí ẹ nílò ní ọ̀sẹ̀ kìíní ni àwọn ẹ̀dá inú omi tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, infusoria ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn lọ́jọ́ tí ẹyin bá pa, ó ti pẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é: mo máa ń bu omi táńkì tó ti gbó sínú ìgò ńlá mẹ́ta, mo ju ewé lẹ́túùsì tí mo ti fi omi gbígbóná bọ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, kò jù bẹ́ẹ̀. Mo fún koríko inú táńkì sí i, torí ara gbòǹgbò koríko ni irúgbìn wọn wà. Mo gbé e sí ojú fèrèsé, n kò dé e pa. Omi yóò kọ́kọ́ dàrú bí omi ògì, yóò rùn. Ẹ má fún ẹja ní èyí tó ń rùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan yóò tún mọ́. Tí ẹ bá gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí i bí eruku funfun tó ń rìn fúnra rẹ̀. Àwọn nìyẹn. Ẹ fi ike ìfami onírọ́bà, irú èyí tí wọ́n fi ń da omi ẹran sórí tòlótòló nínú ààrò, fà wọ́n díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí àwọn ọmọ kó jọ sí, nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lóòjọ́.

Èkejì ni àwọn kòkòrò inú fínígà. Wọ́n gùn tó mìlímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ ju òwú lọ, ọmọ ẹja sì lè fà wọ́n mì bí ẹni ń fa sùpàgẹ́tì. Ohun tó mú mi fẹ́ràn wọn ni pé wọn kì í tètè kú nínú omi, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lókè lọ sókè bọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Lẹ́búlẹ́bú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni artemia ń wọlé. Ẹ fún wọn ní ìwọ̀nba, kí ẹ wò wọ́n pẹ̀lú gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Tí ikùn bá ti pọ́n, ẹnu wọn ti gbà á nìyẹn.


AlárọÌjẹ̀bú, 10 Èbìbí

Mo dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti gbọ́. N kò mọ̀ pé ọmọ wọn kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú ṣe iṣẹ́ tèmi dáadáa nígbà náà, torí tí ọjọ́ artemia bá dé, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é ṣì. Iyọ̀ bíi gíráàmù 25 sí 30 nínú lítà omi kan, kí omi náà gbóná tó 28°C, kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ máa hó o láti ìsàlẹ̀, kí iná sì tàn sí i. Láàárín wákàtí 24 ó ti pa. Ẹ pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: èèpo yóò léfòó, artemia yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti fà á. Ẹ má jẹ́ kí èèpo bọ́ sínú táńkì, ó ń dí ọmọ ẹja nínú. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan iyọ̀ kúrò. Kí ẹ sì lò ó lójú ẹsẹ̀. Artemia tó ti pa láti àná kò lọ́ràá mọ́, ó ti jẹ oúnjẹ inú ara rẹ̀ tán.

Agolo tí à ń rà níbí, púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti Great Salt Lake ní ìpínlẹ̀ Utah lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin ló sún mọ́ orísun.


Lámilámi, Baltimore, 11 Èbìbí

Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ nípa bàbá àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ìdajì ẹyin ló hu. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ kó akọ kúrò lọ́jọ́ kìíní, OdòPatuxent. Lójú tèmi, àṣìṣe tó ṣáájú nìyẹn. Akọ sunfish kì í kàn ṣọ́ ìtẹ́ lásán, ó ń fi lẹbẹ fẹ́ omi sí ẹyin tọ̀sán-tòru, ìdọ̀tí kì í bà lé e. Ẹ fi bàbá sílẹ̀, abo ni kí ẹ kó jáde, torí bàbá yóò máa lé e, yóò sì já a nírù.


ÌyáOníTáńkì, 11 Èbìbí

Lámilámi, mo gbà ju ìdajì ọ̀rọ̀ yín lọ. Àmọ́ bàbá tó ń ṣọ́ ẹyin lónìí lè jẹ ọmọ lọ́tùn-únla. Lọ́dọ̀ mi, ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá ti gbéra kúrò nínú ìtẹ́, tí wọ́n tú ká, ni bàbá kò mọ̀ wọ́n mọ́. Nínú odò, wọn yóò ti lọ jìnnà. Nínú gálọ́nù 20, ibo ni wọ́n fẹ́ sá sí?


ẸjaPinelands, 11 Èbìbí

Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ọjọ́ ló yàtọ̀. Bàbá dúró títí ẹyin yóò fi pa, títí àwọn ọmọ yóò fi máa fò sókè bí ẹni fẹ́ wẹ̀ tí wọn kò tíì lè wẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ fi àwọ̀n kó o jáde jẹ́jẹ́. Ọ̀nà kejì tí mo ń lò ni pé mo máa ń fa àwọn ọmọ tó ti kó jọ síbi ìmọ́lẹ̀ lọ sí táńkì gálọ́nù 10 tí kò ní ju fítà oníkànìnkànìn àti koríko lọ. Kànìnkànìn yẹn gbọ́dọ̀ ti gbó nínú omi bí oṣù kan, torí ara rẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò ti máa ṣa oúnjẹ jẹ.

OdòPatuxent, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ṣé omi yín tutù ní ìgbà òtútù?


OdòPatuxent, 11 Èbìbí

Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni táńkì náà wà, n kò fi hítà sí i. Ó lọ sílẹ̀ dé bíi 12°C ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Mo dín iná kù sí wákàtí mẹ́jọ.


ẸjaPinelands, 11 Èbìbí

Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n yé. Àwọn kan ń fi hítà gbé wọn sí 25°C yípo ọdún, wọ́n wá ń ráhùn pé ẹja kò yé. Ẹja yìí ń ka oṣù. Kí òtútù mú un, kí ọjọ́ kúrú, kí ooru tún wá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbà yẹn ni ara abo ń pọn ẹyin. Ẹ fún wọn ní tanwíjí tàbí daphnia, ẹ̀dá wínníwínní inú omi, dáadáa, wọn yóò tún yé kí ooru tó parí. Wọn kì í yé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.


ỌmọÀdúgbò, Atlanta, 13 Èbìbí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ ni. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ṣé n kò kàn lè tọ́ bluegill, irú sunfish tó kún odò gbogbo? Tí ọmọ bá sì pọ̀ jù, ṣé kò dáa kí n dá wọn padà sí odò, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wá?


ÌyáOníTáńkì, 13 Èbìbí

Káàbọ̀, ọmọ mi. Bluegill ń tóbi. Èyí tó wọ̀n jù lọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi ìwọ̀ mú ní Alabama ní 1950, ó wọ̀n ju kìlógíráàmù méjì lọ. Tìrẹ kò ní tóbi tó yẹn, àmọ́ àwo ọbẹ̀ ni yóò tó, ó sì ń jà. Akọ rẹ̀ tún ní ìwà kan: àwọn kan kì í gbẹ́ ìtẹ́ rárá, wọ́n kéré, wọ́n ń díbọ́n bí abo, wọ́n á yọ́ wọ inú ìtẹ́ akọ ńlá, wọ́n á da àtọ̀ sórí ẹyin, wọ́n á sá lọ. Bàbá onílé ni yóò wá tọ́ ọmọ náà.

Ti dídá wọn padà, má ṣe é láé. Àìsàn inú táńkì lè bá wọn wọ odò, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Pé irú wọn wà ní Amẹ́ríkà kò sọ pé odò tí o fẹ́ dà wọ́n sí ni ilé wọn.


Lámilámi, 13 Èbìbí

Mo fẹ́ fi ìtàn méjì kún un, torí ọ̀rọ̀ yìí wúwo lọ́kàn mi.

Ní 1960, nígbà tí Akihito ṣì jẹ́ àrẹ̀mọ ní Japan, ó ṣèbẹ̀wò sí Amẹ́ríkà. Olórí ìlú Chicago fún un ní bluegill. Ó gbé wọn dé ilé, ó fún àwọn tó ń ṣèwádìí ẹja, èrò wọn ni pé yóò di oúnjẹ fún ará ìlú. Ẹja náà bọ́ sínú adágún, ó dé Biwa, adágún tó tóbi jù ní Japan, ó ń jẹ ẹyin àti ọmọ ẹja onílẹ̀. Ní 2007, Akihito ti di ọba, ó dìde ní gbangba, ó sọ pé ọ̀rọ̀ náà dun òun lọ́kàn.

Èkejì ṣẹlẹ̀ níbí ní Maryland, ní Crofton, ní 2002. Ẹnì kan ra snakehead méjì, ẹja ilẹ̀ Éṣíà tó ń jẹ ẹja mìíràn, láàyè ní ọjà kan ní New York, wọ́n tóbi ju táńkì rẹ̀ lọ, ó dà wọ́n sí adágún ìtòsí. Wọ́n bímọ. Ìjọba da májèlé sí gbogbo adágún náà kí wọ́n lè pa wọ́n run. Ní 2004 wọ́n tún rí snakehead nínú odò Potomac, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ dòní.


ỌmọÀdúgbò, 13 Èbìbí

Mo ti gbọ́, mà. Mo ti gbọ́, sà. N kò ní ṣe é.


OdòPatuxent, 6 Òkúdu

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Wọ́n tún ti yé. Mo fi bàbá sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mo kó abo jáde. Àfi kí ẹ rí i: kò jẹun, kò sinmi, ó dúró lórí ìtẹ́ bí ẹni ń gbé ọmọ pọ̀n, lẹbẹ rẹ̀ kò dúró. Ẹyin tó hu kò ju bíi mẹ́wàá lọ. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè ni mo kó o jáde. Ìgò mẹ́ta ti wà ní ojú fèrèsé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyàwó mi fara da òórùn rẹ̀, kí Ọlọ́run bù kún un. Ọmọ mi obìnrin ló ń fún wọn ní èyí àárọ̀ kó tó lọ sí ilé ìwé. Ọjọ́ kẹfà rèé tí wọ́n ti ń wẹ̀, wọ́n ṣì pọ̀ débi pé n kò lè kà wọ́n.


OdòPatuxent, 17 Òkúdu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Artemia ti wọlé, ikùn wọn pọ́n bí Alárọ̀ ṣe wí. Àmọ́ lójoojúmọ́ wọ́n ń dín kù, omi sì mọ́. Mo rí nǹkan kan lára gíláàsì, ó dà bí òwú tó ní ọwọ́ púpọ̀, ó ń gùn, ó ń súnkì. Àwọn kékeré lọ́wọ́ mẹ́fà, méje. Wọ́n lé ní ogún.


ẸjaPinelands, 17 Òkúdu

Hydra ni. Koríko odò ló gbé e wọlé. Oró wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ẹja tó bá kàn án kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Artemia tí ẹ ń bù sí i, òun náà ń jẹ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pọ̀ sí i.

Ẹ má fi àwọ̀n kó ọmọ. Ní òru, ẹ pa gbogbo iná, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí igun kan, wọn yóò kó jọ síbẹ̀. Ẹ fi ife bù wọ́n lọ sí táńkì mìíràn tí kò ní koríko odò rárá, kí omi méjèèjì gbóná dọ́gba. Omi táńkì àtijọ́ kan náà ni kí ẹ lò, ẹ sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ funfun tó nípọn. Kí ẹ tún wò ó bóyá ọmọ lámilámi wà nínú koríko yẹn. Tirẹ̀ burú ju ti hydra lọ.


Lámilámi, 17 Òkúdu

Orúkọ mi rèé, àmọ́ òótọ́ ni. Ọmọ rẹ̀ nínú omi, apẹja ni. Ẹyọ kan pa ọmọ ẹja mọ́kàndínlógún fún mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan.


ÌyáOníTáńkì, 18 Òkúdu

Tí ẹ bá ń wá koríko mìíràn, ẹ ra Java moss tí wọ́n gbìn nínú ilé, kò sí ohun àjèjì nínú rẹ̀. Ìyá mi ní kí n lo ojúoró bí ti odò ilé wa, gbòǹgbò rẹ̀ dára fún ọmọ ẹja lóòótọ́, àmọ́ Texas fi òfin de ojúoró, a kò gbọ́dọ̀ ní in nílé.


OdòPatuxent, 29 Agẹmọ

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú pé mo dákẹ́. A kó wọn ní òru ọjọ́ yẹn, èmi àti ọmọ mi, a fi ife bù wọ́n títí di aago kan. Nígbà tí a kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 58. Lónìí wọ́n jẹ́ 41. Àwọn kan tètè dàgbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn kékeré mì, ni mo bá pín wọn sí táńkì méjì, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀. Láti ìgbà náà kò sí èyí tó kú. Mò ń fa omi díẹ̀ jáde lójoojúmọ́ pẹ̀lú rọ́bà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, mo so aṣọ mọ́ ẹnu rẹ̀.

Àwọn ńlá ti gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ lọ, wọ́n ń jẹ tanwíjí tí mo ń bù nínú garawa ẹ̀yìnkùlé ní àárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó má baà di ẹ̀fọn sí wa lọ́rùn. Lẹ́búlẹ́bú tó pa àwọn àkọ́kọ́, mo tún gbìyànjú rẹ̀, wọ́n tú u dà. Àná ni ọmọ mi pè mí pé kí n wá wo ọ̀kan. Àmì aró kékeré mẹ́ta ti yọ lẹ́yìn etí rẹ̀.


AlárọÌjẹ̀bú, 29 Agẹmọ

Ẹ kú oríire! Mo ka èyí fún àwọn ọmọṣẹ́ mi ní ìdí àgbá. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ẹ̀ ń jẹ wọ́n, mo ní rárá, ẹwà ni. Ó wá mú mi rántí pé ẹja kékeré kan wà nínú odò ìhà gúúsù Nàìjíríà níbí, Pelvicachromis pulcher, tí ikùn abo rẹ̀ pọ́n bí osùn. Wọ́n ń tà á káàkiri ayé fún àwọn alátáńkì, bẹ́ẹ̀ n kò tíì fún un ní gálọ́nù kan rí. Mo máa wá a lẹ́yìn òjò.


ẸjaPinelands, 30 Agẹmọ

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ síbí tí ẹ bá rí i, ẹ̀gbọ́n. OdòPatuxent, ẹ̀yin náà ẹ kọ gbogbo ọjọ́ àti ìwọ̀n ooru sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí North American Native Fishes Association. Láti 1972 ni ẹgbẹ́ yẹn ti wà, ìwé ìròyìn wọn, American Currents, sì máa ń gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwa tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.


Lámilámi, 30 Agẹmọ

Mo fẹ́ mẹ́fà nínú wọn tí òfin bá gbà á. Táńkì mi gálọ́nù 29, kò sí ẹja mìíràn níbẹ̀, fítà rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù Ẹrẹ́nà.


OdòPatuxent, 30 Agẹmọ

Mo ti kọ lẹ́tà béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ẹja ní ìpínlẹ̀. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ẹ wá ní Sátidé, kí ẹ mú garawa onídèérí àti tamómítà dání. Ọmọ mi ní òun fúnra òun ni yóò ṣà wọ́n, pé ẹni tó ní àmì mẹ́ta kò lọ síbì kankan.